Ìwé méjì ní ilé búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n bàbá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

OníFúláwà | Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Ilé búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú Ìlọrin níbí. Èmi ni mò ń kọ ìwé owó. Ìwé méjì ni mo bá níbẹ̀. Èyí tó ní èèpo dúdú ni ti òótọ́, gbogbo ohun tí a bá tà ló ń wọ̀ ọ́, ọ̀dọ̀ Bàbá ló sì ń sùn. Èyí tó ní èèpo aláwọ̀ ewé kì í kúrò nínú dúrọ́ọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, "ìwé àwọn àlejò" ni Bàbá ń pè é. Tí a bá ta àádọ́jọ búrẹ́dì lówó ọwọ́ láàárọ̀, èmi á kọ ogójì sínú ti àlejò. Tíráńsífà àti POS nìkan ni mo máa ń kọ tán, torí báńkì ti rí i. Tí tíráńsífà náà bá ti ń pọ̀ jù, àkáǹtì Ìyá (ìyàwó Bàbá) la máa ń júwe fún oníbàárà.

Ní báyìí, ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ti ń sùn fẹ́ kí a máa kó búrẹ́dì fún wọn. Wọ́n ní kí a mú ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta wá. Bàbá wá ní kí n kọ ìwé aláwọ̀ ewé tuntun láti 2023 títí dé 2025, kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ó ra bíírò mẹ́rin fún mi, aláró, dúdú, èyí tó ti ń gbẹ àti èyí tó ń da yíǹkì, kó má baà dà bíi pé ìjókòó kan ni mo fi kọ ọ́.

Ẹni tó sanwó ilé-ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni o. Báwo ni kí n ṣe é?

ỌmọTáńkẹ́ | 9:20 alẹ́

Bíírò tó ń da yíǹkì! 😂 Bàbá yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ yín rárá. Da tíì díẹ̀ sí i lójú ewé 2023, kó lè gbó dáadáa.

Bàbá Ọ̀fà | 9:47 alẹ́

Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà ọ́. Ta ni kì í kọ ìwé méjì? Pákó àti sìmẹ́ǹtì ni mò ń tà ní Ọ̀wọ́dé, ní Ọ̀fà. Kí n tó ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, onítíkẹ́ẹ̀tì ti dúró. Ti ọjà ọ̀tọ̀, ti pátákó orúkọ ọ̀tọ̀, ti ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀, ti àwọn tó ń já ẹrù ọ̀tọ̀. Iná kò sí, epo ni mo fi ń gbé ẹ̀rọ. Ọ̀nà tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ń gbà, àwa la ń dá owó dí kòtò rẹ̀. Tí mo bá wá kọ gbogbo ohun tí mo tà sílẹ̀, ṣé wọ́n á kọ gbogbo ohun tí mo ti san sílẹ̀ náà? Ìjọba tó bá ṣe tirẹ̀, èmi náà á ṣe tèmi.

Akọ̀wé Òró | 10:31 alẹ́

Bàbá Ọ̀fà, mo ń bọ̀ wá bá yín, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe èyí tí à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Iṣẹ́ akáúńtáǹtì ni mò ń ṣe, àwọn oníṣòwò kéékèèké láti Òró dé Ọmù-Àrán sì ni oníbàárà mi jù.

OníFúláwà, nínú ìwé aláwọ̀ ewé yẹn, àpò fúláwà mélòó lẹ kọ pé ẹ rà? Ibẹ̀ ni ìwé kejì ti máa ń já. Owó tó wọlé ni ẹni tó ń kọ ọ́ máa ń gbájú mọ́, kì í rántí pé ọjà tó rà náà ń jẹ́rìí. Ká ní àpò kan ń fún yín ní ọgọ́rùn-ún búrẹ́dì ńlá, ẹ sì ń lo àpò méjì lóòjọ́ fún ọjọ́ 26 lóṣù. Àpò 52 nìyẹn, búrẹ́dì 5,200. Tí ìwé bá wá ní 1,900 lẹ tà, òṣìṣẹ́ owó orí á bi yín pé ta ló jẹ 3,300 tó kù. Tí ẹ bá dín fúláwà kù nínú ìwé kí méjèèjì lè ṣe rẹ́gí, ẹni tó tà á fún yín ní ìwé tirẹ̀. Òun náà ń san owó orí, kò sì ní torí yín sọ pé òun ò tà á.

Ọ̀rá ńkọ́? Búrẹ́dì yín ní ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ àti nọ́ńbà NAFDAC sí. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ iye tó tẹ̀. Yíìsì, ṣúgà, igi tàbí dísù, gbogbo wọn ní iye tí àpò fúláwà kan máa ń jẹ. Kò sí ẹni tó lè yí gbogbo wọn po lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀kan má yọ orí.

Ti 2023 tí Bàbá ní kí o kọ ló tilẹ̀ burú jù. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà, tí owó ọwọ́ dàwátì láti oṣù kìíní títí wọ inú oṣù kẹta, kí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó sọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé owó àtijọ́ ṣì ń ná. Ní gbogbo àkókò yẹn, tíráńsífà la fi ra àkàrà pàápàá. Gbogbo ohun tí oníṣòwò ti ń fi pamọ́ sínú owó ọwọ́ ló gba báńkì kọjá fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ yẹn. Bẹ ìwé báńkì yín wò: ṣé ẹ ò rí i pé owó tó wọlé ga lójijì, tó sì tún wálẹ̀ nígbà tí náírà padà? Kì í ṣe pé búrẹ́dì tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o, ìgbà yẹn nìkan ni báńkì rí i. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ á gbé oṣù méjèèjì yẹn lé orí tábìlì, á ní kí ẹ wá ṣàlàyé oṣù 34 tó kù.

OníFúláwà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Mi ò sùn dáadáa. Mo yẹ ìwé báńkì 2023 wò. Owó tó wọlé ní oṣù kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti oṣù kejìlá ọdún tó ṣáájú. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, ó ti padà sí ibi tó wà.

Fúláwà náà, bí ẹ ṣe sọ ọ́ ló rí. Àpò méjìlélógún la kọ sínú ìwé aláwọ̀ ewé fún oṣù tó kọjá. Ẹni tó ń kó o fún wa máa ń já rìsíìtì aláwọ̀ mẹ́ta, ó fún wa ní funfun, ó mú pupa àti yẹ́lò lọ.

Kaṣíà Tẹ́lẹ̀ | 7:40 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹnì kankan ò tíì sọ. Mo ṣe kaṣíà nílé oúnjẹ kan rí, mi ò ní dárúkọ. Ọ̀gá ní a ò gbọ́dọ̀ já rìsíìtì fún ẹni tó bá san owó ọwọ́, à fi tó bá bèèrè. Owó yẹn á lọ sínú páálí kan lábẹ́ káńtà, tó bá di alẹ́ òun á wá kó o. Ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó níbẹ̀ kò pẹ́ kó tó rí i pé owó tí kò sí nínú ìwé, kò ní olówó. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦500, ó dé orí ẹgbẹ̀rún márùn-ún lóòjọ́. Nígbà tí ọ̀gá fura, kí ló fẹ́ ṣe? Ó fẹ́ pe ọlọ́pàá, wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá. Ìwé tó ní lọ́wọ́ ń sọ pé kọ́bọ̀ kan ò sọnù. Ọmọbìnrin náà tilẹ̀ sọ ọ́ sí i lójú pé tó bá pariwo, òun náà mọ ẹni tí òun máa lọ bá sọ̀rọ̀. Ó gba owó ìdágbére kó tó lọ.

Bàbá yín rò pé ìjọba nìkan ni òun ń fi ọjà pa mọ́ fún. Bi í léèrè bóyá ó mọ iye tí àwọn tó ń gbé búrẹ́dì kiri ń jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

ỌmọTáńkẹ́ | 7:52 àárọ̀

Ó gba owó ìdágbére! Ẹ ò rí ayé.

Alhaja Ọjà-Ọba | 11:18 àárọ̀

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Aṣọ òkè àti léèsì ni mò ń tà, mo sì ti pẹ́ lọ́jà. Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ ìwé méjì yìí. Nígbà tí ọdún bá yí po tí ó kan àtiyọ sàká, àwọn ọkùnrin wa wọ̀nyí, ìwé òótọ́ ni wọ́n ń gbé lọ bá Alfa. Wọ́n á ka ọjà tó wà nílẹ̀, wọ́n á ka owó ọwọ́, wọ́n á ka gbèsè tí wọ́n ní ìrètí pé á wọlé, wọ́n á yọ ti ẹni tí wọ́n jẹ. Ìdá kan nínú ogójì, kọ́bọ̀ kò ní yẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì pé oṣù kan, òṣìṣẹ́ owó orí dé, ọkùnrin kan náà ní òun ò kàwé, òun ò mọ̀ ọ́n ṣírò. Ta ló wá ṣírò ti sàká?

Ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà wọ́n, mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìwé òótọ́ kò sí nílẹ̀.

Bàbá Ọ̀fà | 12:03 ọ̀sán

Alhaja, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n méjèèjì ò dọ́gba. Sàká, mo mọ opó tí mo gbé e lé lọ́wọ́. Mo rí ọmọ rẹ̀ tó wọ bàtà. Owó orí tí mo bá san, ojú ta ni mo máa wò?

Alhaja Ọjà-Ọba | 12:15 ọ̀sán

Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì ní tàn yín pé mo ní ìdáhùn rẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn tí ẹ dìbò fún. Àmọ́ irọ́ tí ọmọ yìí fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò ní bá yín bi wọ́n.

Alábòójútó | 12:40 ọ̀sán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tàbí òṣìṣẹ́ kankan. Mo ti yọ ìdáhùn méjì.

Ará Ìlọrin ní Hamburg | 3:26 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Níbí, àwọn ilé oúnjẹ kan ń lo ẹ̀rọ ìgbowó tí wọ́n ti fi ètò kan sí nínú, tó jẹ́ pé ní alẹ́ ọ̀gá á tẹ nọ́ńbà, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ pa apá kan ọjà ọjọ́ náà rẹ́, á sì tún nọ́ńbà rìsíìtì tó kù tò kó má baà sí àlàfo. Ìwé méjì náà ni, kọ̀ǹpútà ló ń kọ ọ́. Jámánì ṣòfin sí i lọ́dún 2016. Láti 2020, ẹ̀rọ ìgbowó gbọ́dọ̀ ní ohun ìdáàbòbò tí kì í jẹ́ kí ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sínú rẹ̀ ṣeé parẹ́, oníṣòwò tó ń lò ó sì gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní rìsíìtì, ìbáà jẹ́ búrẹ́dì kan péré. Àwọn oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ figbe ta pé bébà ti kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn.

Akọ̀wé Òró | 8:55 alẹ́

Bàbá Ọ̀fà, ó kàn yín. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣírò.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Owó tí ẹ bá pa láti ìgbà náà ni mò ń sọ o, ti àwọn ọdún ẹ̀yìn ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣòwò ní orúkọ ara rẹ̀, tí kò sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ onílímítẹ́ẹ̀dì, KW-IRS (àjọ tó ń gba owó orí fún ìpínlẹ̀ Kwara) níbí ló ń san án fún. Èrè ni wọ́n ń wò, kì í ṣe gbogbo owó tó gba ọwọ́ yín kọjá. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan, òdo ni. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18.

Ká ní ẹ ta sìmẹ́ǹtì àti pákó ogún mílíọ̀nù lọ́dún. Ẹ yọ owó ọjà kúrò, ọkọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù, epo, owó ọmọ iṣẹ́. Ká ní mílíọ̀nù méjì ló kù. Ẹ yọ ₦800,000, ó ku ₦1,200,000. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ ₦180,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò bá kọjá ₦800,000 kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀ lórí ìyẹn, síbẹ̀ á ṣì lọ sọ iye tó pa, kó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta lọ́dọọdún. Ìtanràn ẹni tí kò bá lọ sọ ọ́ nínú òfin tuntun jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ wo ohun tí àwọn kan ń sá fún, ẹ tún wo ohun tí wọ́n ń sá bọ̀ sínú rẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ìwé irọ́ ń gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Tí ẹ bá fi fúláwà tàbí sìmẹ́ǹtì pamọ́, ẹ ò lè yọ owó rẹ̀ mọ́. Tí òṣìṣẹ́ owó orí bá rí i pé ìwé yín kò ṣeé gbára lé, òfin fún un láyè láti fojú díwọ̀n, kó kọ iye tó bá rò pé ẹ pa. Ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti ta kò ó, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi ta kò ó? Ìwé aláwọ̀ ewé? Tó bá sì jẹ́ pé jìbìtì ni wọ́n rí, ọdún mẹ́fà tí wọ́n máa ń wo ẹ̀yìn dé kò dè wọ́n mọ́, wọ́n lè lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

OníFúláwà, má kọ ìwé yẹn. Ìkọ̀wé rẹ ló máa wà nínú rẹ̀, òfin kò sì yọ ẹni tó bá wọn lọ́wọ́ sí i sílẹ̀. Sọ fún Bàbá kó fúnra rẹ̀ kó ìwé dúdú lọ kí wọ́n tó wá bá a, kó ṣàlàyé, kó bẹ̀bẹ̀ láti máa san èyí tó bá jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ àti ẹni tí wọ́n wá ká mọ́, ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Búrẹ́dì wà lára oúnjẹ tí wọn kì í gba VAT lé lórí, ìyẹn kò sí lọ́rùn yín. Tí iṣẹ́ ilé-ìwé yẹn bá wọlé, kó ronú láti sọ iṣẹ́ náà di ilé-iṣẹ́ onílímítẹ́ẹ̀dì. Èyí tí ọjà rẹ̀ lọ́dún kò bá kọjá ₦100 mílíọ̀nù, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, òdo ni owó orí ilé-iṣẹ́ fún un. Owó oṣù tí Bàbá bá ń san fún ara rẹ̀ ni yóò san owó orí lé lórí. Gbogbo èyí wà nínú òfin, kò sí dúrọ́ọ̀ kankan níbẹ̀.

Alhaja Ọjà-Ọba | 9:10 alẹ́

Ọmọ dáadáa, má gba ọ̀dọ̀ Bàbá lọ tààrà. Tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́, á dà bíi pé o pè é ní olè nínú ilé rẹ̀. Ìyá ni kí o lọ bá. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára àkáǹtì tí owó ń wọ̀. Tí wọ́n bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe tó fi ń gba owó búrẹ́dì, kí ló fẹ́ sọ? Kúnlẹ̀ dáadáa, ṣàlàyé, kí o sì dákẹ́. Obìnrin á mọ bó ṣe máa gbé e dé yàrá.

OníFúláwà | Ọjọ́ Jímọ̀, 8:30 alẹ́

Mo padà dé. Mo bá Ìyá sọ ọ́ lánàá. Àṣé Ìyá ò mọ iye tó ń gba orúkọ òun kọjá, torí ọwọ́ Bàbá ni káàdì wà! Gbogbo ilé ló mọ̀ pé inú bí i. Bàbá pè mí láàárọ̀ yìí, ó tẹjú mọ́ mi fún ìgbà pípẹ́, ó wá bi mí pé, "Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò fúláwà?" Mo ní àwọn àgbà kan ni. Ó gba bíírò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà.

Kò tíì gbà tán o. Ó ní òun á jẹ́ kí akáúńtáǹtì wo ìwé dúdú 2024 àti 2025. Ti 2023, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ná.

Akọ̀wé Òró | 8:48 alẹ́

2023 gan-an ni kó kọ́kọ́ mú wá. Ọdún mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí yẹn ń kà, òun sì ni báńkì ti sọ fún gbogbo ayé. Mú rìsíìtì funfun ti fúláwà dání, gbogbo wọn, kódà èyí tí bọ́tà ti ta sí lára.

Bàbá Ọ̀fà | 9:33 alẹ́

Mi ò tíì sọ pé mo gbà. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé, àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tí mò ń gbà lójoojúmọ́ yẹn, ṣé wọ́n wà lára ohun tí mo lè yọ?

Akọ̀wé Òró | 9:36 alẹ́

Tó bá jẹ́ torí òwò lẹ ṣe san án, tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, ó wà níbẹ̀. Àwọn ti ọdún yìí ńkọ́, ṣé ẹ kó wọn jọ?

Bàbá Ọ̀fà | 9:41 alẹ́

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti fi wọ́n dáná. Ti òní ṣì wà nínú àpò mi.